Àmì Orí Ẹ̀wà

Ní ọdún àkọ́kọ́ tí Tíṣà dé ẹnu iṣẹ́, ọ̀gá ilé ìwé ní kí ó kọ ìkéde kan sára ògiri, níbi tí àwọn ọmọ ti máa ń tò kí wọ́n tó wọ kíláàsì. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni: Ẹ TÒ SÍBÍ. Ó ra ọ̀dà, ó ra búrọ́ọ̀ṣì, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ó ti fi àmì kan sábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ ti gbóná, ó sì tún fi òmíràn sábẹ́ ọ̀rọ̀ kejì. Ìkéde náà wá di: Ẹ TỌ̀ SÍBÍ. Kí agogo ìsinmi tó lù, ògiri ti tutù dé ìwọ̀n orúnkún. Nígbà tí ọ̀gá pe àwọn ọmọkùnrin kíláàsì kẹrin jọ pé kí ló dé, wọ́n ní àwọn gbọ́ràn sí tíṣà lẹ́nu ni.

Ọjọ́ yẹn ni ó búra pé àmì kankan kò ní ṣi òun lọ́wọ́ mọ́ láyé. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ó fi pa ìbúra náà mọ́. Ó ń fi báírò pupa tún ìwé àwọn ọmọ ṣe, ó ń tún ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìfìwéránṣẹ́ ṣe, ó sì ti tún ohun tí oníbàtà kọ síwájú ìsọ̀ rẹ̀ ṣe rí, nígbà tí oníbàtà lọ jẹun. Àwọn ọmọ ilé ìwé sọ ọ́ ní Tíṣà Alámì. Ó gbọ́. Ó ní orúkọ náà kò burú, bí wọ́n bá ti lè máa rántí pé ohùn òkè ló wà lórí á, ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí ì.

Bí ó ti wù kí igbá ọgbọ́n ẹnìkan tóbi tó, ó níbi tó ti ń jò. Ti Tíṣà jò sórí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ẹ̀gbọ́n yìí ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìn tì, Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni gbogbo ẹbí ń pè é, àwọn méjèèjì péré sì ni ìyá wọn bí. Nígbà tí ìyá kú, Àǹtí Nọ́ọ̀sì jókòó, ó kọ létà ojú ewé mẹ́rin sí àbúrò rẹ̀, irú létà tí ènìyàn ń kọ lẹ́ẹ̀kan láyé. Kò fi àmì kankan sí i, nítorí ojú tó ń da omi kì í wá àmì. Tíṣà kà á pẹ̀lú báírò pupa. Kì í ṣe pé ó gbèrò ibi. Báírò náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Nígbà tí ó kà á tán, gbogbo àmì ti pé, ó wá kọ ohun tó máa ń kọ sísàlẹ̀ gbogbo ìwé: 7/10. Gbìyànjú sí i. Ó sì dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Ọdún méjì gbáko ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì kò fi bá a sọ̀rọ̀.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà ìsinmi ilé ìwé, fóònù Tíṣà dún. Ó wo orúkọ tó jáde lójú rẹ̀, ó sì dìde dúró kí ó tó gbé e.

"Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú mi," ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì wí, kò tilẹ̀ dúró kí wọ́n kí òun. "Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ni n ó wà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣé o lè bá mi tọ́jú Alága?"

Alága kì í ṣe ènìyàn. Ẹja ni, ẹja kékeré aláwọ̀ wúrà, irú èyí tí wọ́n ń sìn nínú àpótí gíláàsì fún wíwò, tí ẹnikẹ́ni kì í jẹ. Àǹtí sọ ọ́ ní Alága nítorí pé ikùn rẹ̀ yọ, àti nítorí pé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ló ń lanu, tó ń panu dé, láìsọ ohun kan tó nítumọ̀.

"Mo lè tọ́jú ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Oúnjẹ tó bá lè dúró sórí ìka kan, láàárọ̀ nìkan. Ó tán. Má kọ́ ọ níwèé o."

Tíṣà mọ̀ pé ohun tí wọ́n gbé lé òun lọ́wọ́ ju ẹja lọ. Bí Alága bá yè, ilẹ̀kùn ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ṣí padà. Bí Alága bá kú, a jẹ́ pé ọwọ́ tó kọ 7/10 náà ló pa á, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tí í tún irú ìyẹn ṣe.

Nítorí náà ni ó ṣe gbé àpótí náà wá sí ilé tirẹ̀, tí ó sì fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà wá bá ẹja tó sanra ju èyí tó fi sílẹ̀ lọ. Láàárọ̀, ó bu orí ìka kan fún un. Lọ́sàn-án, ó tún bu orí ìka kan, nítorí pé Alága ń wò ó. Nírọ̀lẹ́, òun náà ń jẹun, kò sì yẹ ọmọlúàbí kí ó máa jẹun níwájú àlejò láìfi lọ̀ ọ́.

Ní ọjọ́ kẹfà, Alága fi ẹ̀gbẹ́ kan léfòó sójú omi. Ó gbìyànjú láti lọ sísàlẹ̀, ó rì díẹ̀, omi tún tì í sókè bí ìdérí ìgò. Ikùn rẹ̀ ti wú, ó le bí òkúta. Tíṣà yí àpótí náà po ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó bá a sọ̀rọ̀. Ó tilẹ̀ kan gíláàsì lára, bí ó ti máa ń kan tábìlì ọmọ tó bá ń sùn ní kíláàsì, Alága kò dá a lóhùn.

Ó wá rántí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ kan, obìnrin tó ń ta ẹyẹ, ehoro àti ẹja ọ̀sìn ní ìsọ̀ kan lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Onísọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Tíṣà kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i, èyí tó ní ìfáárà nípa ojú Àǹtí, àárín nípa ẹja rẹ̀, àti ìkádìí. Èsì tó padà wá kò ju báyìí lọ:

"E ma fun un lounje fun ojo meta sa. Leyin naa e fun un ni ewa. Ki e se e, ki e bo o, ki e to fun un. E pa omi re da."

Kò sí àmì kan ṣoṣo níbẹ̀. Tíṣà mí kanlẹ̀. Ó gbàgbé ẹja fún ìgbà díẹ̀, ó lọ mú bébà àti báírò pupa.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí "ma." Aláìsàn gbọ́dọ̀ jẹun, ọmọdé pàápàá mọ èyí; ọmọ yìí ti fo a kan ni, ó sì máa ń fò ó láti ìwé kejì. Ó fi a kún un, ó di "máa." Ó dé orí "ewa," ó dúró. Ó lè jẹ́ ẹ̀wà. Ó rẹ́rìn-ín: ta ní í fi ẹ̀wà bọ́ ẹja, ṣé ọmọ ilé ìwé ibùgbé ni Alága ni? Ó lè jẹ́ ẹwà. Ó ronú sí ìyẹn díẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹ̀wá, ìyẹn òǹkà, ohun tó ṣe pàtó, irú èyí tí dókítà máa ń sọ. Ẹ̀wá ló mú. Àmọ́, nítorí pé olùkọ́ tó mọṣẹ́ kì í fi ibì kankan sílẹ̀, ó ra òdòdó oníke kan, ó sọ ọ́ sínú omi, bó bá wá lọ jẹ́ pé ẹwà ni. Nígbà tí ó ṣe tán, ọ̀rọ̀ náà rẹwà lójú rẹ̀:

"Ẹ máa fún un lóúnjẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, sà. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní ẹ̀wá. Kí ẹ ṣe é, kí ẹ bò ó, kí ẹ tó fún un. Ẹ pa omi rẹ̀ dà."

Ó fi í ránṣẹ́ padà sí Onísọ̀, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Wo bó ṣe yẹ kó rí." Onísọ̀ ní oníbàárà mẹ́ta níwájú, ehoro kan sì ti já. Kò kà á. Ó dáhùn pé, "E se sa." Tíṣà fi àmì sí ìyẹn náà, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Ìlà omi nìkan ni ó ṣe bó ti yẹ. Ó pọn omi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí òórùn kẹ́míkà tó ń wà nínú omi ẹ̀rọ lè lọ, ó pín omi inú àpótí sí ìdá mẹ́ta, ó gbọ́n ìdá kan kúrò, ó fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Gbogbo ìyókù ló ṣe gẹ́gẹ́ bí àmì ọwọ́ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ó fi ń bọ́ ẹja tí oúnjẹ ń pa lọ. Ní ọjọ́ kẹrin, ó gbé kóòtù dúdú tó máa ń wọ̀ lọ sí ìpàdé òbí, ó fi bo àpótí, ó gbé etí kan rẹ̀ sókè, ó sì ka hóró oúnjẹ mẹ́wàá sínú omi, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ka ìwé ìdánwò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ṣí kóòtù kúrò. Alága ti dojú dé: ikùn lókè, ẹ̀yìn nísàlẹ̀. Ó ṣì ń lanu, ó ṣì ń panu dé, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀. Láti ìgbà tí Tíṣà ti mọ̀ ọ́n, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó dà bí ẹni tó ní ohun tó fẹ́ sọ.

Kò kọ àtẹ̀jíṣẹ́ mọ́. Ó bu omi inú àpótí sínú abọ́ oníke, ó fi asẹ́ gbé Alága sí i, ó di abọ́ mú mọ́ àyà, ó sì bọ́ sójú ọ̀nà. Oníbàtà rí i láti ìdí ìsọ̀ rẹ̀.

"Tíṣà, ṣé ọjà ẹja lẹ ti ń bọ̀ ni?"

"Aláìsàn ni."

"Háà! Ẹ bá mi kí i ní pẹ̀lẹ́ o. Àmì wo ni mo máa fi sórí pẹ̀lẹ́?"

"Ìsàlẹ̀ lórí àkọ́kọ́, òkè lórí ìkejì," ni Tíṣà wí, kò dúró. Ó ti kọjá ìsọ̀ mẹ́ta kó tó mọ̀ pé òun ló sọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ẹja tó ń kú lọ lọ́wọ́ òun.

Onísọ̀ ń wọn oúnjẹ ẹyẹ fún bàbá àgbàlagbà kan. Ó gba abọ́ náà, ó gbé e sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé.

"Sà, kí lẹ fún un jẹ?"

"Ohun tó o ní kí n fún un ni."

"Mo ní kẹ́ ẹ má fún un ní nǹkan kan!"

"Máa lo kọ."

"Má ni mo kọ!"

"A kan lo fi kọ ọ́."

"A kan ni má ń jẹ́, sà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Tíṣà lanu, ó pa á dé. A kan ni. Má, a kan. Máa, a méjì. Ẹ̀kọ́ ìwé kìn-ín-ní ni. Ọmọ náà kọ ọ́ bó ti yẹ gẹ́lẹ́, òun fúnra òun ló fi a kún un.

"Ẹ̀wá ńkọ́?" ni ó béèrè, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ẹ̀wá bíi kí ni? Ẹ̀wà, sà! Ẹ̀wà tútù, aláwọ̀ ewé. Kẹ́ ẹ sè é kó rọ̀, kẹ́ ẹ bó èèpo rẹ̀, kẹ́ ẹ tó fún un. Òun ló máa ń jẹ́ kínú ẹja rọ̀, kó lè yàgbẹ́."

"Mo bò ó."

"Ẹ bo kí ni?"

"Àpótí. Kóòtù mi ni mo fi bò ó."

Bàbá oníẹyẹ gbé àpò oúnjẹ ẹyẹ sílẹ̀ kí ó lè rẹ́rìn-ín dáadáa. "Tíṣà, ṣé otútù ló ń mú ẹja nínú omi ni? Ẹ ò ṣe kúkú wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un!"

Onísọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ń yí abọ́ náà lọ, ó ń yí i bọ̀. "Ẹ sún mọ́bí, kẹ́ ẹ wò ó. Ìpẹ́ rẹ̀ sùn mọ́ ara. Ká ní ìpẹ́ yìí ti nà síta bí ìyẹ́ adìyẹ tí òjò pa, a jẹ́ pé omi ti kún inú ara rẹ̀, ìyẹn ṣòro, n ò ní í tàn yín. Kò sí tó-tò-tó funfun lára rẹ̀ bí ẹni bu iyọ̀ wọ́n ọn, ìyẹn àrùn míràn ni. Ojú rẹ̀ mọ́. Àjẹjù ló ń dà á láàmú. Ó ní àpò afẹ́fẹ́ kan nínú tó fi ń dọ́gba nínú omi, oúnjẹ ló ti fún àpò yẹn mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi dojú dé."

"Ṣé á yè?"

"N ò mọ̀, sà. Ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ nǹkan kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀wà ẹyọ kan. Ó yá, ẹ wí i kí n gbọ́."

"Ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ nǹkan kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀wà ẹyọ kan."

"Ẹ tún un wí."

"Ẹ là á lẹ́nu dáadáa, Tíṣà," ni bàbá oníẹyẹ wí. "Ẹ̀yìn ò gbọ́."

Tíṣà tún un wí. Ó wá ní, bí ẹni tó ń gbìyànjú láti rí ohun díẹ̀ mú bọ̀ nínú iná, pé, "Ká ní o ti fi àmì sí i..."

"Sà, nínú ìdánwò ìwé kẹta, ẹ yọ àmì méjìlá lára ogún mi. Kò ṣẹ́ ku èyí tí n ó fi kọ àtẹ̀jíṣẹ́." Onísọ̀ fi ìdérí dé abọ́ náà, ó lu ihò sí i. "Ẹ̀ bá sì ti pè mí. Ẹnu mi kì í gbàgbé àmì."

Bí Tíṣà ti fẹ́ máa lọ, Onísọ̀ sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Nínú àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní ẹja kan tó jọ Alága bí ìbejì. Bí èyí bá kú, kí Tíṣà wá mú ìyẹn. Ojú Àǹtí ṣì wà lábẹ́ báńdéèjì, ta ló fẹ́ mọ̀? Tíṣà wo ẹja náà. Ó wò ó pẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Kò gbé e lọ sílé, ṣùgbọ́n kò sọ pé òun kò fẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e gùn ju ọdún ìwé kan lọ. Bí Tíṣà bá fẹ́ jẹun, yàrá ni ó ń gbé àwo wọ̀, ó ń ti ilẹ̀kùn, kí Alága má bàa rí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó gbé ìkòkò kaná, ó fi ẹ̀wà kan ṣoṣo sínú rẹ̀, ó sì dúró tì í. Ó sè é. Ó bó o. Ó fi èékánná já a wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó sì jù ú sínú omi. Alága, tí ikùn rẹ̀ ṣì kọjú sókè, gbọ́n ìrù lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ọ̀kan mì. Nígbà tó di ìyàlẹ̀ta, inú rẹ̀ rọ̀. Ohun tó tẹ̀ lé e jáde gùn ju gbólóhùn Tíṣà lọ, kò sì ní ìdánudúró. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó yí padà díẹ̀díẹ̀, tí ẹ̀yìn bọ́ sókè, tí ikùn bọ́ sísàlẹ̀. Kò dúró ṣánṣán bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí àmì ohùn ìsàlẹ̀. Tíṣà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná, ó ń fi ìdí aṣọ nu ojú, ó ní ooru iná ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì dé. Tíṣà ti gbé àpótí padà sí ilé rẹ̀, ó ti gbé e sáyè rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, òdòdó oníke sì wà níbẹ̀ nítorí pé ó gbàgbé rẹ̀. Ojú ewé méjì ni ó fi kọ ìjẹ́wọ́, gbogbo àmì ló pé, ó wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n mú Àǹtí wọlé, tí báńdéèjì bo ojú rẹ̀ méjèèjì, ni Tíṣà tó rí i pé ìwé náà kò wúlò fún nǹkan kan.

Àǹtí fi ọwọ́ wá àga rẹ̀, ó jókòó. "Alága ńkọ́?"

Ó wà. Bí Tíṣà bá dáhùn báyìí, ọ̀rọ̀ méjì péré ni, ẹnikẹ́ni kò sì lè ní irọ́ ni.

"Àǹtí mi," ni Tíṣà wí, "ó kù díẹ̀ kí n pa á."

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ láti orí oúnjẹ ọ̀sán, ó bọ́ sórí má àti máa, ó bọ́ sórí ẹ̀wá, kò fo ohun kan, kò sì dá ara rẹ̀ láre. Nígbà tó dé orí kóòtù, ó rí i tí èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sunkún, Àǹtí. Dókítà ní..."

"Sunkún kẹ̀? Kóòtù ìpàdé òbí?"

"Òun ni."

Ọwọ́ méjèèjì ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì fi di báńdéèjì mú. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Wàá ba iṣẹ́ abẹ mi jẹ́, ìwọ ọmọ yìí! Òdòdó yẹn ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà nínú omi?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Yọ ọ́. Alága ò wá ẹwà."

Tíṣà yọ òdòdó náà. Omi ń kán láti ọwọ́ rẹ̀ sórí ilẹ̀ nígbà tí Àǹtí tún sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ti kúrò nínú ohùn rẹ̀. "Létà kan wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi. Mú un wá, kà á fún mi. Èmi ò lè kà á."

Tíṣà mọ létà náà láti òkèèrè. Pupa ló bò ó, bí ara ọmọ tí èéyi mú. Ó jókòó, kò sí báírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kà á sókè, láti orí ojú ewé kìn-ín-ní dé ìkẹrin. Láti ọjọ́ tó ti gbà á, òní ni ó tó gbọ́ ọ. Ìlà tó kẹ́yìn kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: wá kí mi. Ó ti fi àmì òkè sórí wá, ó ti fi àmì òkè sórí kí, méjèèjì ló tọ̀nà. Kò sì wá, kò sì kí.

"Parí ẹ̀," ni Àǹtí wí.

"Ó ti parí."

"Ohun tó wà nísàlẹ̀ ńkọ́?"

"Méje nínú mẹ́wàá," ni Tíṣà wí. "Gbìyànjú sí i."

"Hùn-ún." Àǹtí Nọ́ọ̀sì fara ti àga. "Fún ti ẹja yìí, mo fún ẹ ní mẹ́fà."

"Mẹ́fà kẹ̀, Àǹtí? Ẹja ọ̀hún mà yè!"

"Gbìyànjú sí i."

Ìgbà tí wọ́n rí Tíṣà Alámì kẹ́yìn, àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni, ó wà ní ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nídìí tábìlì ilé ìdáná, ó ń bó ẹ̀wà.